Ohun Tí Ewúrẹ́ Jẹ Kù

Abà Elof Tornquist kò ní àgbàdo nínú mọ́.
Nọ́ńbà ọkọ̀ ló kún un, láti ilẹ̀ dé àjà,
nọ́ńbà tí kò ní ọkọ̀ mọ́,
tí àwọn awakọ̀ wọn ti sùn tipẹ́ ní itẹ́ ìjọ Lútérà.

Bàbá bàbá mi ni. Èmi ni mo máa ń di àkàbà mú.
"Rọra," ni yóò wí, "èyí dàgbà jù mí lọ,"
yóò sì fi àkísà tútù nu ojú rẹ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun.
Wo ti Masasúsẹ́tì: tánganran aláró, òǹkà funfun,
etí rẹ̀ ti ṣẹ́ díẹ̀
bí abọ́ tí ìyá àgbà kò jẹ́ ká dànù.
Wo èyí tó jẹ́ awọ, ìjọba ò tíì máa ṣe nọ́ńbà nígbà náà;
aránbàtà ló gé e, ó kan òǹkà idẹ mọ́ ọn.
Ọ̀kan ti jábọ́. Ojú rẹ̀ ṣì dúdú síbẹ̀.

Ọkọ̀ ńkọ́? Ó wà nísàlẹ̀, Maxwell ọdún 1910,
fìtílà idẹ méjì lójú, ojú tí kì í ṣẹ́.
Kò ní kọ́kọ́rọ́. Irin la fi ń yí i níwájú.
Bó bá wù ú, á jí.
Bí kò bá wù ú, á ta ọwọ́ ẹni nù bí ìbaaka.
Ó ti dá ọrùn ọwọ́ Elof rí;
láti ìgbà náà ló ti ń pè é ní Tante Selma,
orúkọ àǹtí rẹ̀ kan tí kì í gba gbẹ̀rẹ́.

Ẹyọ kan ṣoṣo ló ń wá.
Nígbà ogun Hítílà, tí irin di ti ọkọ̀ ogun,
ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ṣe nọ́ńbà ní Ìlínọ́ì.
Ẹ̀wà! Wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n kùn ún.
Òjò pa á, ó wú.
Ewúrẹ́ rí i, ó dúpẹ́.
417 926: ọkọ̀ tó gbé bàbá rẹ̀ lọ sí ibùdó rélùwéè ní 1943,
ọkọ̀ padà wálé, bàbá ò padà.

Lóṣù Kẹsàn-án, opó Haldis Bruntvedt ń ta ẹrù oko ní gbàǹjo.
Ta ló ń wo àga? Ẹ̀yìn ilé adìẹ ni Elof gbà lọ.
Wọ́n fi ìṣó mẹ́rin kan nǹkan kan dí ihò pákó,
ó rí bí bisikíìtì tí ọmọdé bù jẹ.
4. 1. 7.
Lẹ́yìn náà, ojú eyín.

"Ewúrẹ́ wa ni," opó náà wí. "Pílátù lorúkọ rẹ̀. Kò tilẹ̀ wẹ ọwọ́."
"Ṣé ti ọkọ̀ ọkọ yín ni?"
"Mi ò mọ̀. Ó ra ọkọ̀ àlòkù, ó ra pàǹtí ju ọkọ̀ lọ."
Kò gba kọ́bọ̀. Ó ní ká fi Tante Selma gbé òun yí oko ká
kí wọ́n tó tà á tán.
Ọkọ̀ ń wúkọ́, ìborùn opó ń fẹ́ lélẹ̀lẹ́lẹ̀,
kò fọhùn, àfi nídìí igi ápù kan, tó ní, "Ẹ dúró díẹ̀."
A dúró. Ẹ́ńjìnnì kú.
Ogún ìṣẹ́jú la fi bẹ̀ ẹ́ kó tó jí.

Mo ṣírò rẹ̀ fún Elof nílé:
ẹgbẹ̀rún nọ́ńbà ló lè fi 417 bẹ̀rẹ̀.
Ó ní òun mọ ìṣirò.
Ó kàn án sí àyè tó ti ṣófo lára ògiri kí wọ́n tó bí mi,
kò kùn ún, kò tún un ṣe.
Lálẹ́, mo rí i tó gbé ìka lé ojú eyín,
tó ń ka ohun tí kò sí níbẹ̀ jẹ́jẹ́:
mẹ́sàn-án, méjì, mẹ́fà.